Kóòtù Kejì Lára Ọ̀pẹ̀yìnbó

Ọkọ mi kò fẹ́ràn oko. Dádì ni mo ń pè wọ́n láti ìgbà tí a ti bí àkọ́bí wa. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í pariwo, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ṣùgbọ́n bí ẹrẹ̀ bá kan bàtà wọn, ẹ ó rò pé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wọ́n. Èmi ni aláriwo ilé wa. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn mí, mo máa sọ ọ́. Bí inú mi bá dùn, àwọn ará ilé kejì á gbọ́. Bí a ṣe ń gbé e nìyẹn láti ọjọ́ tó ti pẹ́, kò sì tíì sú wa.

Ilẹ̀ kan wà tí a rà ní Lákọwẹ̀, lẹ́yìn abúlé, nígbà tí àwọn ọmọ wa ṣì kéré. Èrò wa ni pé bí wọ́n bá dàgbà, wọ́n á kọ́lé síbẹ̀, àwa náà á máa gbọ́ igbe ọmọ-ọmọ láti ojú fèrèsé. Àwọn ọmọ dàgbà lóòótọ́. Wọ́n kàwé, wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú, ó di Kánádà. Ilẹ̀ nìkan ló ṣẹ́kù sọ́wọ́ wa. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo wò ó pé bí mo bá jókòó sílé ní ẹ́sítéètì wa ní Ṣàngótẹ̀dó, kò sí iṣẹ́ tí mo máa rí ṣe ju kí n máa bá àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì ṣàríyànjiyàn lọ. Mo bá gbin ọ̀pẹ̀yìnbó sórí ilẹ̀ náà. Ilẹ̀ iyanrìn ni ilẹ̀ ibẹ̀, ọ̀pẹ̀yìnbó kì í sì í bínú sí iyanrìn.

Ọmọ àgbẹ̀ ni mí. Bí mo ṣe jókòó sídìí tábìlì ọ́fíìsì pẹ́ tó, ọwọ́ mi ò gbàgbé ọkọ́. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ ro ibẹ̀, ẹ̀yìn dùn mí débi pé ńṣe ni mo rákò wọ ilé, síbẹ̀ mo sùn fọnfọn, mo sì jí pẹ̀lú ayọ̀. Dádì wò mí, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, “Màmá, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ ń lọ ṣe fàájì, ìwọ ń lọ bá koríko jà.” Mo ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú koríko mi.

Ohun tí Dádì ń fẹ́ ni pé kí a lọ bá àwọn ọmọ. Gbogbo ọjọ́ Àìkú, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, àwọn ọmọ máa ń pè wá lórí fóònù, a ó máa rí ojú ara wa. “Mọ́mì, ìgbà wo lẹ ń bọ̀? Yàrá yín wà níbí o.” Dádì á máa rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n á máa wo ojú mi. Mo fẹ́ràn àwọn ọmọ mi. Mo ti lọ kí wọn rí, mo rí yìnyín, mo fọwọ́ kàn án, ó tó mi. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni kí n máa jí láàárọ̀ ní ibi tí kò sí ẹni tí mo máa kí, àfi ọmọ tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Mo sọ ọ́ fún Dádì, wọ́n ní ibi tí ọmọ ẹni bá wà nilé ẹni. Ọ̀rọ̀ wọn náà kò burú, ìyẹn ló tilẹ̀ ń bí mi nínú.

Àwọn kan ti wá bá wọn pé àwọn fẹ́ ra ilẹ̀ Lákọwẹ̀ yẹn, pé ilé alájà ni àwọn fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Dádì ní bí a bá tà á, a ó rí ohun tí a ó fi ṣètò ìrìn àjò, a ó sì bẹ̀rẹ̀ ayé tuntun. Mo ní èwo ni ayé tuntun, èyí tí mo ń jẹ yìí kò tíì gbó. A fà á títí. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ti pè tán, Dádì gbé ìgò ojú wọn sílẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n sọ̀rọ̀ bí adájọ́.

“Màmá, oko tí kò ní oníbàárà, eré ọwọ́ ni. Ọ̀pẹ̀yìnbó rẹ ti so. Bí ẹnì kan bá wá tó kó gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò ní dá ọ̀rọ̀ títà ilẹ̀ sílẹ̀ mọ́ láyé. A ó dúró síbí. Ṣùgbọ́n bí kò bá sẹ́ni tó kó o, wàá jẹ́ ká tà á, ká di ẹrù wa, ká máa lọ.”

“Mo gbà,” ni mo wí. Ẹnu mi máa ń yá ju ọpọlọ mi lọ.

Ìdí tí mo fi tètè gbà ni pé mo ti ní ẹnì kan lọ́kàn. Obìnrin kan wà tó ní ṣọ́ọ̀bù nítòsí ẹnu géètì ẹ́sítéètì VGC, tó máa ń gé èso sínú ike kéékèèké, tó ń gbé e lọ fún àwọn ọ́fíìsì àti iléèwé káàkiri Lẹ́kí. Mo ti máa ń ra ìbẹ́pẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo pè é, ó wá wo oko. Mo gé ọ̀kan tó ti pọ́n fún un. Ó jẹ ẹ́ tán, ó lá ìka rẹ̀.

“Mọ́mì, èyí dùn gan-an o! Kò kan rárá. Ṣùgbọ́n mi ò lè máa wá kó mẹ́ta lónìí, mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Epo mọ́tò ti wọ́n jù. Ẹ jẹ́ kí gbogbo wọn pọ́n pọ̀, kí àwọ̀ wọn dọ́gba. Àwọn kọ́sítọ́mà mi, ojú ni wọ́n fi ń jẹun. Mi ò sì fẹ́ kábáàdì o, ẹ dákun.”

Kábáàdì ni ohun tí àwọn alájàpá kan máa ń fi sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò tí wọ́n ti já ní tútù, kó lè fi tipátipá pọ́n. Kò sí ìyá kan ní ẹ́sítéètì wa tí kò tíì fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́sáàpù, pé kí n pín in fún ẹlòmíràn. Mo búra fún un pé irú ìyẹn kò ní wọ oko mi.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọ̀pẹ̀yìnbó kì í ṣe ọmọ iléèwé tí wọ́n ń lu aago fún. Eléyìí á pọ́n lónìí, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an á ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Mo gba ṣọ́ọ̀bù kan lọ lọ́jà Ṣàngótẹ̀dó, níbi tí wọ́n ti ń ta ajílẹ̀ àti irúgbìn. Ọmọbìnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà kọ́ ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì, ó sì máa ń fara balẹ̀ ṣàlàyé nǹkan. Mo sọ ohun tó ń ṣe mí fún un.

Ó ní, “Mọ́mì, nǹkan kan wà nínú igi fúnra rẹ̀ tó máa ń sọ fún èso pé àkókò ti tó láti pọ́n. Họ́mónù là ń pè é. Oògùn yìí, tí ẹ bá pò ó mọ́ omi tí ẹ fín in sára èso tó ti gbó, òun ló máa jí nǹkan náà nínú gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á jọ yí àwọ̀ padà kí ẹ tó gé wọn.”

“Kì í ṣe kábáàdì?”

“Rárá o, mà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ dáadáa. Àwọ̀ ló ń mú wá, kì í bu ṣúgà sínú èso. Èyí tí kò bá tíì gbó, tí ẹ bá fín in sí i, ara rẹ̀ á pupa, inú rẹ̀ á kan gógó. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ike oògùn náà ni kí ẹ lò. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ fín in. Iye ọjọ́ tí wọ́n ní kí ẹ dúró, ẹ dúró; ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fi sẹ́nu ṣáájú.”

Mo padà sóko, mo yẹ ọ̀pẹ̀yìnbó mi wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ti gbó, àwọn ojú ara rẹ̀ á ti tẹ́, ìdí rẹ̀ á ti máa ní àwọ̀ ìyeyè díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó pọ̀ jù nínú wọn ló ti gbó. Mo so aṣọ mọ́ èyí tí kò tíì gbó, kí ẹnikẹ́ni má fín nǹkan sí i. Mo pe obìnrin eléso, a dá ọjọ́, mo rí i dájú pé iye ọjọ́ tó wà lára ike á ti pé kó tó dé.

Mi ò lè pọn ẹ̀rọ ìfínoògùn náà sẹ́yìn, nítorí ẹ̀yìn tó ń dùn mí. Ọ̀gá akunlé ló bá mi pọ̀n ọ́n. Wọ́n ń kọ́ ilé ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ wa, ọkùnrin yìí ló ń kùn ún lọ́dà. Ọmọ Òkè-Ògùn ni, ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ wà nílé, òun ń sùn sínú ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ náà. Ó fẹ́ràn oko mi. Bí ó bá jẹun ọ̀sán tán, orí ebè ló máa ń wá jókòó sí, á máa sọ̀rọ̀ iṣu ilé wọn fún mi títí omi á fi kún mi lẹ́nu. Bí èèyàn bá sì fẹ́ rí ẹni tó mọyì iṣẹ́ ara rẹ̀, kó wo ọkùnrin yìí nídìí ògiri. Á kùn ún tán, á sún sẹ́yìn, á wo ọ̀tún, á wo òsì, á tún padà lọ fi búrọ́ọ̀ṣì kan ibì kan tí ojú tèmi ò tiẹ̀ rí.

Láàárọ̀ kùtù tí oòrùn kò tíì mú, èmi fúnra mi wọn oògùn, mo pò ó, a wọ ìbọ̀wọ́, a fi nǹkan bo imú. Ó ń fín in, mò ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, mò ń pariwo pé èso ni o, kì í ṣe ewé. Ó ní, “Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀, ọwọ́ mi mọ bí nǹkan ṣe ń dọ́gba.” Nígbà tí a ṣe tán, mo gbé ìyókù oògùn náà sí yàrá tí wọ́n ń kó àwọn irinṣẹ́ sí nínú ilé náà, ọwọ́ rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ wà. Mo lọ sílé. Bí mo ṣe délé ni òtútù gbé mi dè, mi ò lè lọ sóko mọ́ títí di ọjọ́ tí obìnrin eléso máa dé.

Lọ́jọ́ náà, Dádì ló wà mí lọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí i. Nígbà tí a dé ojú ọ̀nà oníyanrìn, wọ́n páàkì, wọ́n gbé gíláàsì sókè nítorí eruku, wọ́n tan ẹ̀rọ amúlétutù ọkọ̀, wọ́n ṣí ìwé ìròyìn. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo gba àárín ilé tí wọ́n ń kọ́ kọjá, mo yọ sí oko.

Ẹ̀yin èèyàn, oko mi ti di nǹkan mìíràn. Yàtọ̀ sí àwọn tí mo so aṣọ mọ́, gbogbo ọ̀pẹ̀yìnbó náà ló ti pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, àwọ̀ ìyeyè láti orí dé ìdí, kò sí èyí tó yàtọ̀ sí èkejì. Òórùn dídùn gba gbogbo ibẹ̀. Mo pariwo, mo jó. Àwọn bíríkìlà tó wà lókè ilé ń fi mí rẹ́rìn-ín, mi ò dá wọn lóhùn. Mo ti ń rí ara mi tí mo ń darúgbó ní Ṣàngótẹ̀dó pẹ̀lú ọkọ́ mi lọ́wọ́.

Ọ̀gá akunlé yọ láti ẹ̀yìn ògiri, ó ń rẹ́rìn-ín, ọ̀dà kún irùngbọ̀n rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ káàbọ̀! Ṣé ẹ rí i bó ṣe ń dán? Kóòtù kejì nìyẹn o.”

“Kóòtù kejì wo?”

“Àkọ́kọ́ tí a fín, ó ṣe pátipàti. Ẹ̀gbẹ́ kan pọ́n, ẹ̀gbẹ́ kan tútù. Ojú mi ò gbà á. Níjẹta, mo bá fún wọn ní kóòtù kejì.”

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, ẹ̀rín ti ń kúrò lójú rẹ̀. Mo bú u. Mo bú u débi pé àwọn bíríkìlà dá iṣẹ́ dúró. Mo ní mélòó ni mo sọ fún ọ, ṣé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan? Ó dọ̀bálẹ̀ sínú iyanrìn tòun ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ má bínú. Mo rò pé oore ni mò ń ṣe yín. Ògiri wo lẹ ti rí tó ń mu kóòtù kan ṣoṣo?”

Bí inú ṣe bí mi tó, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí dànù. Kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kun ilé? Mo yà sápá kan, mo pe ọmọbìnrin tó ta oògùn náà fún mi. Mo ṣàlàyé fún un.

“Mọ́mì, kì í ṣe májèlé tó ń pani lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí wà tí wọ́n fi kọ iye ọjọ́ sára ike. Ọjọ́ tó fín èyí tó kẹ́yìn lẹ máa tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́ báyìí.”

“Tí mo bá dúró títí ọjọ́ á fi pé ńkọ́?”

“Á dùn, mà. Àmọ́ á ti rọ̀, pẹ̀lú bí oògùn ṣe pọ̀ lára rẹ̀ yẹn. Kò ní lè dúró ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ tètè jẹ ẹ́, ẹ sì bó èèpo rẹ̀ nípọn.”

Mo ń pa fóònù lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ìró ọkọ̀. Obìnrin eléso ló dé, pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà rẹ̀ àti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré tí wọ́n to àpótí sí lẹ́yìn. Ó rí oko, ó fọwọ́ bo ẹnu.

“Haa! Mọ́mì! Ẹ gbìyànjú! Ẹ wo àwọ̀! Gbogbo rẹ̀ ni mo máa kó o. Gbogbo ìgbà tó bá ti so báyìí ni mo máa wá.”

Ọ̀rọ̀ tí mo ń fẹ́ láti gbọ́ gan-an nìyẹn. Dádì jókòó sínú ọkọ̀ lọ́nà jíjìn, gíláàsì wà lókè, ìwé ìròyìn bo ojú wọn. Ọ̀gá akunlé dúró, ó ń wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé kò ní yanu. Èmi nìkan ni mo lè sọ ọ́. Mi ò tiẹ̀ ní láti parọ́. Kí n ṣáà ti dákẹ́ ni. Mo ro ilé wa, mo ro ìjókòó mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo ro àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tí mo ń bá jà, tó jẹ́ pé bí mo bá ṣàìsàn, àwọn ló máa ń kọ́kọ́ béèrè mi. Gbogbo rẹ̀ wà lábẹ́ ahọ́n mi. Dẹ́rẹ́bà sọ àpótí kalẹ̀. Obìnrin eléso tẹ̀ ba, ó di ọ̀pẹ̀yìnbó kan mú, ó gbé ọ̀bẹ sí ìdí rẹ̀. Mo rí àwọn ike kéékèèké yẹn lójú mi, pẹ̀lú fọ́ọ̀kì kékeré tí wọ́n máa ń fi sí i, àti àwọn ọmọ iléèwé tó ń jẹ ẹ́.

“Dúró,” ni mo wí. “Má gé e.”

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó dìde, ó nu ọ̀bẹ rẹ̀ mọ́ aṣọ. Ó wo oko náà títí, ojú ń ro ó bí ẹni tí oúnjẹ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ ṣé tí ẹ sọ fún mi. Ẹlòmíràn ò ní sọ. Ṣùgbọ́n mi ò lè dúró, mo ti ṣèlérí fún àwọn èèyàn mi fún ọ̀la. Mo máa lọ wò bóyá mo máa rí òmíràn lápá Ẹ̀pẹ́.”

“Bí ọjọ́ bá pé, ṣé o ò lè padà wá?”

“Tó bá ti rọ̀, kò lè dé Lẹ́kí, mà. Ẹ má bínú.”

Wọ́n to àpótí òfìfo padà sínú ọkọ̀, wọ́n lọ. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ tipẹ́, èmi ló dé bá lọ́jọ́ náà. Mo jókòó sórí ebè, mo sunkún díẹ̀. Kò pọ̀. Mo nu ojú mi kí n tó lọ sídìí ọkọ̀.

Dádì ti sọ gíláàsì kalẹ̀. Wọ́n ní, “Mo rí ọkọ̀ yẹn tó ń lọ, òfìfo ni. Kí ló dé?”

Mo sọ ohun tó dé. Nígbà tí mo dé ibi kóòtù kejì, ẹ̀rín já lẹ́nu wọn, wọ́n fi ìwé ìròyìn bo ẹnu. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n yí ọkọ̀ padà, a kọjá òpópó tó lọ sí pápá gọ́ọ̀fù.

“Ká ní o dákẹ́, mi ò ní mọ̀, Màmá.”

“Mo mọ̀ pé ẹ ò ní mọ̀.”

“O sì fẹ́ dúró síbí.”

“Bí mo ṣe fẹ́ mímí ni mo fẹ́ ẹ.”

Àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ pe Dádì lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo gbọ́ tí wọ́n ní àwọn máa pe ẹni náà padà. Mo lọ ṣí àpò ìrìn àjò wa, mo gbọn eruku ara rẹ̀ dànù. Mo ti fẹnu gbà, mo sì gbọ́dọ̀ mú un ṣẹ.

Nígbà tí iye ọjọ́ tó wà lára ike pé, a lọ gé ọ̀pẹ̀yìnbó. Mo ní ó kéré tán, a ò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó ṣòfò. Dádì tẹ̀ lé mi. Wọ́n wọ bàtà òjò tí mi ò rí lẹ́sẹ̀ wọn rí, ìwé tí wọ́n kọ iye owó rẹ̀ sí ṣì lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Mi ò bi wọ́n léèrè ibi tí wọ́n ti rà á.

Lóòótọ́, ọ̀pẹ̀yìnbó náà ti rọ̀. Bí a bá gbé e, omi ń kán. Ṣùgbọ́n adùn rẹ̀! Mo bó èèpo rẹ̀ nípọn bí ọmọbìnrin yẹn ṣe wí, mo gé e sínú abọ́ ńlá, mo pe àwọn òṣìṣẹ́ tó wà nínú ilé náà. Àwọn tó fẹ́ kírun àsárì kírun tán, gbogbo wọn wá, bíríkìlà, káfíńtà, àwọn tó ń po kọnkéré. Wọ́n jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n ń jẹ, omi ọ̀pẹ̀yìnbó ń ṣàn dé ìgúnpá wọn. Ọ̀gá akunlé kọ́kọ́ jókòó lọ́nà jíjìn, ojú ń tì í. Mo bu tirẹ̀ kún abọ́, mo gbé e fún un.

“Mọ́mì, ṣé ẹ ti dárí jì mí?”

“Jẹ ẹ́. Kóòtù mélòó lo fẹ́?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ wálẹ̀. Mo gbé púpọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì wa, mo yọ ti àwọn ìyá oní-Wọ́sáàpù náà sọ́tọ̀. Èmi pàápàá jẹ títí ahọ́n mi fi ń ta mí. Inú mi dùn. Ó yà mí lẹ́nu pé inú mi lè dùn tó bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí mo pàdánù ohun tí mo ń fẹ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn, mi ò lè purọ́.

Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ti padà sẹ́nu iṣẹ́, mo wá Dádì títí. Wọn ò sí nínú ọkọ̀. Mo rí wọn ní ìkángun oko, níbi tí mo ti gé àwọn ọ̀pẹ̀yìnbó àkọ́kọ́. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n di ọkọ́ mi mú bí ẹni di ṣíbí mú. Mo súnmọ́ wọn. Ọkàn mi ti múra láti sọ ọ́, mo sì fẹ́ kí ó tètè tán.

“Dádì, àdéhùn ni àdéhùn. Kò sẹ́ni tó kó o lẹ́ẹ̀kan. Ẹ pe àwọn èèyàn yẹn, kí wọ́n wá ra ilẹ̀ wọn.”

Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n mú orí ọ̀pẹ̀yìnbó kan, ewé ṣóńṣóṣóńṣó orí rẹ̀ tí mo ti gé jù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n gbé e sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́, wọ́n wa iyanrìn bò ó. Ó wọ́. Wọ́n tún un ṣe. Ẹrẹ̀ ti dé orúnkún ṣòkòtò wọn, wọn ò sì nù ún. Ẹ̀yìn wọn ni mo ti rí i pé wọ́n ti gbìn tó ìlà kan odindi.

“Ọ̀gá akunlé ní orí yìí náà ń hù,” ni wọ́n wí. “Ṣé òótọ́ ni?”

“Òótọ́ ni.”

“Ìgbà wo ló máa so?”

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo fọwọ́ tẹ iyanrìn mọ́ ìdí èyí tí wọ́n gbìn.

“Ó ń pẹ́, Dádì. Tó bá jẹ́ orí la gbìn, á sún mọ́ ọdún méjì.”

Wọ́n na ẹ̀yìn wọn ró, wọ́n wo ìlà náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọ́n ń ronú. Wọ́n wá gbé ọkọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò mìíràn.

“Ó dáa,” ni wọ́n wí. “Bá mi gbé ìyókù wá kí òjò tó dé.”